Aṣọ Igbó Nínú Yàrá

Ọkùnrin náà kò lè jókòó. Lẹ́ẹ̀mẹta ni nọ́ọ̀sì ti fa àga sún mọ́ ọn, lẹ́ẹ̀mẹta ni ó ti dìde lórí rẹ̀. Á lọ sí ojú fèrèsé, á padà wá síbi ibùsùn, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ìyàwó rẹ̀, á tún lọ sí ojú fèrèsé. Ara obìnrin náà gbóná bí irin ìlọṣọ. Ọjọ́ karùn-ún nìyí tí ibà ti dá a dùbúlẹ̀, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ lò kò sì ṣe é ní nǹkan kan.

"Àna mi, ẹ jókòó," ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wí. "Òòyì ti ń kọ́ èmi tí mò ń wò yín."

Olùkọ́ ni obìnrin yìí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ náà ni gbogbo ẹbí ṣì ń pè é, ó sì ṣì máa ń wo ènìyàn bí ẹni tó gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá sílé.

Ọkùnrin náà jókòó. Kò pẹ́, ó dìde.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni. Igbó abẹ́ wáyà iná ni ó ń gé. Níbi tí àwọn òpó irin gíga bá ti gba inú igbó kọjá, koríko abẹ́ wọn kò gbọdọ̀ ga ju orúnkún lọ. Bí igi bá ga dé ìtòsí wáyà, iná á fò mọ́ igi, ìlú á sì ṣókùnkùn. Nítorí náà, àwọn mẹ́jọ máa ń rìn láti òpó dé òpó pẹ̀lú àdá àti ẹ̀rọ ìgégi. Bí wọ́n bá fi máa dé ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ á ti tún hù. Ọ̀gá wọn máa ń sọ pé iṣẹ́ tí kì í tán ni iṣẹ́ tó dára jù, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ pé ó ti tó, máa lọ sílé.

Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó máa ń ro ọ̀rọ̀ títí àkókò ọ̀rọ̀ á fi kọjá ni.

Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣe alágbàṣe kí wọ́n tó fún un ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Àwọn tó ní ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní oníwèé, aṣọ ni a sì fi ń mọ̀ wọ́n. Alágbàṣe á wọ aṣọ ilé wá, á bọ́ ọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, á gbé àkísà wọ̀, á tún bọ́ àkísà nírọ̀lẹ́. Oníwèé ní aṣọ iṣẹ́ tirẹ̀: ṣòkòtò àti ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tó dúdú, àmì iléeṣẹ́ iná ní àyà, ọ̀já tó ń tàn yanran ní apá méjèèjì. Láti ilé ni ó ti ń wọ̀ ọ́ wá, òun náà ni ó ń wọ̀ lọ sílé. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọdún mọ́kànlá wá aṣọ, tí yóò wá bọ́ ọ sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn ará àdúgbò tó rí i?

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé aṣọ náà délé, ìyàwó rẹ̀ gbé e sókè, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Nínú yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà. Ó ní òpó iná ni wọ́n rán an fún, kì í ṣe ènìyàn. Ó tú ojú rírán rẹ̀, ó dín ìbàdí kù, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó sì rán an padà títí aṣọ náà fi bá ọkọ rẹ̀ mu bí awọ. Láti ìgbà náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́. Nírọ̀lẹ́, bí ọkùnrin náà bá dé, á bọ́ ọ, á fi kọ́ orí ìṣó tó wà lẹ́yìn àga ìyàwó rẹ̀, kí ìyàwó lè tètè rí ibi tó bá ya. Níbẹ̀ ni aṣọ náà máa ń wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí obìnrin náà bá fẹ̀yìn tì láti na ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ a máa kan kọ́là rẹ̀.

Eégbọn ló pọ̀ jù nínú igbó abẹ́ wáyà. Màlúù ń jẹ níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Eégbọn á gun ṣóńṣó ewé, á na ẹsẹ̀ iwájú síta, á máa retí ẹni tó ń bọ̀. Ó ní sùúrù ju ènìyàn lọ. Lọ́sàn-án, bí wọ́n bá jókòó jẹun tán, kálukú á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á máa wá a. Àwọn kan á kán epo bẹntiróòlù sí i lórí. Àwọn kan á fi ìṣáná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú jó o nídìí. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pátápátá, nítorí kò lè parí gbólóhùn kí ó má fi í kún un, èékánná ni tirẹ̀: á fi méjì pa á, á sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ han àwọn yòókù. Ó ní eégbọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ òun, òun eégbọn ni àìsàn á ṣe, pátápátá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yẹn, iléeṣẹ́ rán obìnrin kan láti ẹ̀ka ìlera wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú àwòrán ńláńlá lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi oògùn tó ń lé kòkòrò pa ara, kí wọ́n yẹ ara wò lójoojúmọ́: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìbàdí, ẹ̀yìn etí, ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú epo, iná àti èékánná, nítorí eégbọn tí a bá dà láàmú a máa bi ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni. Ẹmú kékeré ni kí wọ́n fi mú un, nítòsí awọ ara gan-an, kí wọ́n fà á sókè díẹ̀díẹ̀ láì yí i. Ó fi àwòrán ojú egbò kan hàn wọ́n, dúdú láàárín, pupa yíká. Ó ní bí wọ́n bá rí irú èyí, tí ibà sì tẹ̀lé e, kí wọ́n má jókòó sílé.

Èyí tó gbẹ́yìn ni ó fi ohùn líle sọ. Aṣọ igbó kò gbọdọ̀ wọ inú ilé. Kí wọ́n bọ́ ọ níbí, kí wọ́n dì í sínú àpò, omi gbígbóná ni kí wọ́n sì fi fọ̀ ọ́. Omi tútù, eégbọn kàn máa fi wẹ̀ ni. Ó pín àpò tó nípọn fún wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Pátápátá bi í pé ṣé kí oníwèé wá máa bọ́ ṣòkòtò lẹ́bàá ọ̀nà bí alágbàṣe.

"Eégbọn kò mọ̀wé kà," ni obìnrin náà dáhùn.

Àwọn alágbàṣe rẹ́rìn-ín, àwọn oníwèé kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bẹ ọ̀gá pé kí ó sọ ọ́ di òfin. Ọ̀gá ní òun á rí sí i. Nígbà tí mọ́tò obìnrin náà lọ tán ni ó tó mí kanlẹ̀, ó ní eégbọn so mọ́ àyìnrín nímú, wọ́n ní kí adìẹ wá ṣà á jẹ. Ṣé adìẹ kò mọ̀ pé oúnjẹ àyìnrín ni òun? Aṣọ ọ̀gá náà wà lọ́rùn rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Adákẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ra oògùn ìpara. Ó ń ki ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní agbábọ́ọ̀lù. Ó ń yẹ ara rẹ̀ wò. Èyí tó gbẹ́yìn nìkan ni kò ṣe. Abọ́ oúnjẹ ni ó ń kó sínú àpò yẹn. Àwọn alágbàṣe ló ń lo tiwọn, nítorí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni wọ́n ti ń bọ́ aṣọ.

Ọjọ́rú kan, ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ní orí ń fọ́ òun. Ní ọjọ́ kejì ibà dé. Onílé oògùn fún wọn ní oògùn ibà ẹ̀fọn, ó lò ó tán, ibà ń le sí i. Nígbà tí kò lè dá gbé ife omi mọ́, ọkọ rẹ̀ pe Olùkọ́, wọ́n sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò sí ibà ẹ̀fọn níbẹ̀. Dókítà náà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ṣé ìyáàfin ti rìnrìn àjò láìpẹ́ yìí? Ṣé wọ́n dé oko, tàbí igbó?

"Igbó kẹ̀?" ni Olùkọ́ gba ọ̀rọ̀ náà. "Àbúrò mi yìí tí kì í kọjá ìkóríta? Bí kì í bá ṣe pé ènìyàn ń wá rán aṣọ, kò níí mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀."

Dókítà tún bèèrè bóyá wọ́n ń sin ajá tàbí ewúrẹ́. Olùkọ́ ní rárá. Dókítà wá yíjú sí ọkọ. Ọkọ ti gba ààyè níbi iṣẹ́, ẹ̀wù funfun tí ó ń wọ̀ lọ sí òde ni ó wọ̀ wá.

"Bàbá, iṣẹ́ wo ni ẹ̀ ń ṣe?"

"Iléeṣẹ́ iná ni mo wà."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọjá lọ síbi ibùsùn mìíràn. Irọ́ kọ́ ni ọkùnrin náà pa. Gbólóhùn tí ó fi ọdún mọ́kànlá dúró dè ni, ó sì fẹ́ràn bí ó ṣe máa ń dún létí àwọn ènìyàn. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ fi máa ṣí láti fi èyí tó kù kún un, dókítà ti wà ní ìkángun yàrá. Láti ìgbà náà ni kò ti lè jókòó.

Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi aṣọ tútù nu ara aláìsàn. Olùkọ́ gbé orí àbúrò rẹ̀ sókè, ọkùnrin náà ń nu ọrùn. Irun dídì tó ti tú ni ó fi ọwọ́ gbá sí apá kan, kí ó lè nu òógùn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ní ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, èépá kan wà níbẹ̀ tí kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Dúdú láàárín, pupa yíká.

Olùkọ́ ní bóyá òòyà ló ha á níbẹ̀.

Ọkùnrin náà dá èépá náà mọ̀. Ó ti rí irú rẹ̀ rí lórí itan ẹni tó ń di ẹ̀rọ ìgégi mú, lọ́dún tó kọjá, ó sì ti rí i nínú àwòrán. Ó rí ìṣó. Ó rí aṣọ lórí ìṣó. Ó rí ẹ̀yìn ọrùn ìyàwó rẹ̀ bí ó ti rí i láti ẹnu ọ̀nà lójoojúmọ́ tí ó bá wọlé. Ó fi aṣọ tútù sí orí tábìlì, ó jáde.

Nọ́ọ̀sì ní dókítà ti parí àbẹ̀wò, àfi ní àárọ̀ ọ̀la. Ọkùnrin náà dúpẹ́, kò dúró. Ó wọ yàrá àwọn aláìsàn ọkùnrin, dókítà kò sí níbẹ̀. Ó dé ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n nawọ́ sí òkè. Ó gun òkè, ó bá ara rẹ̀ láàárín àwọn aláboyún, wọ́n lé e jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, ó ń sáré báyìí, bàtà rẹ̀ ń pariwo lórí ilẹ̀ dídán. Ẹnìkan ní bàbá, ẹ rọra. Lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ni ó ti rí dókítà, tó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń lọ sílé.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò dúró ro ọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Igbó ni mò ń gé. Abẹ́ wáyà. Aṣọ tí mo fi ń gé e, ẹ̀yìn àga rẹ̀ ni mò ń fi kọ́, wọ́n sì ti ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Èépá dúdú kan wà ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Èmi ni mo gbé eégbọn wá sílé."

Dókítà yí padà, ó ń rìn ṣáájú rẹ̀ lọ sí yàrá. Ó fi iná kékeré wo èépá náà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àmì pupa wínníwínní kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó pa oògùn dà.

"Bóyá a ṣì bá a," ni ó wí. "Tí ó bá jẹ́ ibà eégbọn ni, láàárín ọjọ́ méjì ibà yóò lọ sílẹ̀. Ẹ̀ bá ti sọ fún mi láàárọ̀."

Olùkọ́ dúró kí dókítà jáde. Ó tún aṣọ ìbora ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

"Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe," ni ó wí. "Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti mọ̀ yín. Òní ni mo mọ tiyín."

Ọjọ́ méjì náà kò fẹ́ lọ. Bí Olùkọ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọkùnrin náà á sáré lọ sílé; bí ó bá dé ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́ padà. Ó se omi títí ó fi hó, ó rẹ aṣọ iṣẹ́ sínú rẹ̀. Kí ó tó rẹ ẹ́ ni ó ti tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí ìyàwó rẹ̀ ká: eégbọn méjì wà nínú ìká náà, pẹrẹsẹ bí èso tí kò gbó. Ó fi ẹmú mú wọn. Ó yọ ìṣó lára ògiri. Ó gbá gbogbo yàrá, ó da omi gbígbóná sí ẹ̀là ilẹ̀, ó gbé àwọn aṣọ oníbàárà síta sínú oòrùn. Ní gbogbo ìgbà ni nǹkan ń rìn ní ara rẹ̀. Á bọ́ ẹ̀wù, á wò ó, òógùn ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, ibà kò sọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì kò sọ̀. Ó ń bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè kan náà títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn kí ó tó bèèrè. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi ọwọ́ kan iwájú orí obìnrin náà, ó rí i pé ó tutù, ó rò pé ó ti kú. Ariwo tí ó pa ni ó jí i.

"Ta ni ó ń bá mi parí ṣòkòtò tó wà lórí ẹ̀rọ?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè. "Oníṣòkòtò ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì."

Olùkọ́ jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti fọn imú.

Ìyàwó náà lo ọjọ́ díẹ̀ sí i kí ó tó lè jókòó dáadáa. Ọkùnrin náà wá sọ fún un, láì bojú wo ibòmíràn: ìṣó, àpò, ohun tí obìnrin ìlera sọ, ohun tí òun sọ fún dókítà àti ohun tí òun kò sọ. Ìyàwó rẹ̀ ń fetí sílẹ̀, ó ń fi ìka wọn etí aṣọ ìbora bí ẹni pé ó fẹ́ rán an.

"Mo rí ọ̀kan," ni ó wí níkẹyìn. "Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lórí kọ́là. Mo fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gbé e, mo sọ ọ́ síta."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Kí ẹ bọ́ aṣọ yẹn? Ẹ ò mọ bí ẹ ṣe máa ń rìn nínú rẹ̀." Ó fi etí aṣọ ìbora sílẹ̀. "Mo rò pé tiyín ni eégbọn. Mi ò mọ̀ pé àjọní ni."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí ẹ̀rín rín.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀wù funfun ni ó wọ̀ lọ, ó di aṣọ iṣẹ́ sínú àpò. Ó lọ pààrọ̀ aṣọ ní ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín àwọn alágbàṣe, wọ́n sì sún fún un láì bèèrè ìdí. Pátápátá ló pariwo láti iwájú ọkọ̀ pé ṣé wọ́n ti gba ìwé lọ́wọ́ Adákẹ́ ni, ṣé ó ti padà sí alágbàṣe, pátápátá?

"Ìyàwó mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kú," ni ó dáhùn. "Kì í ṣe èmi tí mo wọ inú igbó. Òun tó jókòó sílé."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, nídùúró, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ní ọwọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rí. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ọ̀gá wo ọ̀já tó ń tàn ní apá ara rẹ̀, ó sì wo ilẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, oníwèé méjì bọ́ aṣọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀gá gbé aṣọ tirẹ̀ wọ̀ lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹrin, Pátápátá bá Adákẹ́ níbi tó ti ń pọn àdá, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í ibi tí àmì dúdú yẹn máa ń wà lára ọmọdé. Kò fi pátápátá parí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí ẹ̀rọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti wẹ̀ tán nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni ó ń pè é sí nígbà tí oòrùn kò tíì wọ̀. Ọkọ á jókòó lórí àpótí, ìyàwó á sì mú ẹmú tí ó fi ń fa òwú, á máa yẹ ara rẹ̀ wò láti orí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan ó rí ọ̀kan lábẹ́ egungun èjìká, níbi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kò lè dé. Ó ti gé e jẹ. Ó mú un nítòsí awọ, ó fà á díẹ̀díẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀. Ó fi eégbọn náà sínú ìgò kékeré kan pẹ̀lú ẹ̀là ìwé tí ó kọ ọjọ́ sí. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ méjì ni kí wọ́n fi máa ṣọ́ ara.

"Ó lè má jẹ́ nǹkan kan," ni ọkùnrin náà wí.

"Ó lè má jẹ́ nǹkan kan," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ tẹ orí síwájú."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.